Ọ̀dà Tó Ṣàn Lábẹ́ Táńkì

Ọwọ́ Shukurat wà nínú abọ́ tínà tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò lára irin nígbà tí ọkùnrin kan yọ sí ẹ̀yìn ilé wọn ní Agbowó, tó gbé táńkì alùpùpù mọ́ àyà bí ìyá ìkókó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní ibí ni Bàbá Péńtà ń gbé."

"Ibí ni. Ṣé ẹ ti da epo inú ẹ̀ nù?"

Ọkùnrin náà wo táńkì, ó wo ẹ̀wù funfun tó wọ̀, ó wá rí i pé láti ọ̀nà ni epo ti ń kán sí òun níkùn. Shukurat ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó pa á mọ́ra títí, ẹ̀rín náà gba imú jáde.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Kò sí òdòdó níbẹ̀, òórùn bẹntiróòlù ló gba gbogbo ẹ̀yìn ilé kan. Àwọn kan á ní ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn ò lè dùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Nasrullah lorúkọ ọkùnrin náà. Olùkọ́ físíìsì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Ring Road, ọmọ Ìkàrẹ́ tí wọ́n bí sí Bódìjà. Bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ni alùpùpù náà, òun ló fi ń bẹ àwọn àgbẹ̀ wò lóko nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìpẹtà ti jẹ táńkì rẹ̀. Wọ́n sì ti fi pupa kùn ún lé dúdú, wọ́n tún fi dúdú lé pupa, débi pé Nasrullah ò mọ àwọ̀ tó ní nígbà tí bàbá rẹ̀ rà á.

"Mọ́mì mi ní àwọ̀ ewé ni," ó sọ. "Ṣùgbọ́n ewé wo?"

Shukurat gba táńkì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, ó rọra fi yọ àmì irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Lábẹ́ àmì náà, níbi tí oòrùn ò dé rí tí ọ̀dà ẹnikẹ́ni ò sì dé, àwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tó tutù bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

"Ewé yìí ni," ó ní.

Nasrullah wo àwọ̀ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè wo ọmọbìnrin tó fi hàn án, ó sì wò ó ju bó ṣe yẹ kí oníbàárà wo oníṣẹ́ lọ.

Bàbá Péńtà ni bàbá Shukurat, Alhaji Àlíù. Ọmọ Ìbàdàn láti ìdílé baba-ńlá ni, ogójì ọdún ló sì fi kun mọ́tò ní Challenge. Ojú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó pa ṣọ́ọ̀bù tì, ó kó irinṣẹ́ wálé, ó ní táńkì máṣíìnì nìkan lòun á máa kùn, torí pé táńkì ṣeé gbé lé orí àpótí, èèyàn á sì jókòó tì í. Gbogbo Agbowó ló mọ̀ pé ọwọ́ bàbá yìí ò láfiwé.

Ohun tí Agbowó ò mọ̀ rèé. Bàbá á fín ọ̀dà sára táńkì, á fo ibì kan, á sì pọ̀ jù níbòmíràn, ọ̀dà á ṣàn. Tó bá ti lọ kírun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí, Shukurat á fi tínà nu gbogbo rẹ̀ kúrò, á tún un fín láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó bá ti gbẹ, Bàbá á fi ìka wò ó lókè àti nísàlẹ̀, á ní, "Ọwọ́ mi ò tíì yẹ̀." Shukurat á ní, "Kò lè yẹ̀ láéláé, Bàbá."

Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nílé, kò sì sí ohun tí Shukurat ò lè ṣe kí ojú má ti bàbá rẹ̀.

Táńkì Nasrullah gba ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá gbé e, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Nígbà tí kò rí nǹkan tó gbàgbé, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún dé. Ọ̀dà tuntun náà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì.

"Mo ṣubú ni," ó ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò ṣèṣe?"

"Rárá. Táńkì nìkan ló fara pa."

Shukurat tún un ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Nasrullah tún gbé e dé. Ó tún ti ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí, Shukurat gbé táńkì náà kalẹ̀ sórí àpótí, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Tíṣà, ẹ súnmọ́ bí. Ẹni tó bá fi máṣíìnì ṣubú, ibi tí à ń fọwọ́ dì mú àti ibi tí à ń gbẹ́sẹ̀ lé ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Táńkì kì í kanlẹ̀ bọ̀rọ̀. Tó bá sì kanlẹ̀, ó máa ń tẹ̀ wọnú ni. Èyí ò tẹ̀. Ó ya gbọọrọ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Kọ́kọ́rọ́ ló yà á, ẹni tó yà á sì ń lo ọwọ́ òsì."

Nasrullah rọra wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà níbẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ya táńkì ara yín?"

"Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè gbé wá," ó ní.

 Shukurat dojú kọ abọ́ tínà kí ọkùnrin náà má bàa rí ojú òun.

"Nígbà mìíràn, ẹ gbé ẹ̀wà wá," ó ní. "Ẹ̀wà pọ̀ lọ́jà Bódìjà. Mi ò sì ní í tún un fín."

Lóòótọ́, ẹ̀wà ló gbé wá lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wà olóyin, kóńgò méjì. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ kò tún kan táńkì mọ́. Gbogbo Sátidé ni Nasrullah ń dé pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, á kí Bàbá, á jókòó sórí bíríkì kan lẹ́yìn ilé, á máa wo Shukurat bó ṣe ń fi sáńpépà olómi ra irin. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Kí ló dé tí ọ̀dà fi ń ṣàn? Kí ló dé tí wọ́n kì í fín in nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́? Shukurat á ṣàlàyé, inú rẹ̀ á sì máa dùn, torí kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tó yá, ó sọ àṣírí Bàbá fún un. Nasrullah gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ewé mi, o mà ṣe bàbá rẹ lóore." Ewé mi ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti fi àwọ̀ táńkì hàn án.

Shukurat fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká máa yí i po. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á ti máa gbọ́ ìró alùpùpù tí kò tíì jáde ní Bódìjà.

Ìyá Nasrullah nìkan lọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú lójú. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, gbogbo nǹkan ló máa ń bi léèrè.

"Péńtà?" ó ní. "Ọmọbìnrin? Ọwọ́ tó ń fín ọ̀dà yẹn náà ló máa ro ọkà fún ẹ?"

"Mọ́mì, èmi náà mọ ọkà rò."

"Ta ló bi ẹ́?" màmá náà dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ọyẹ́ dé. Nasrullah sọ fún Shukurat pé òun fẹ́ wá bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra òun, kí òun tó kó àwọn ará ilé òun wá. Ó wọ kaftánì tuntun. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ Ìkàrẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ìrun, Bàbá ní tíṣà làwọn ń fẹ́ nínú ẹbí tẹ́lẹ̀, torí kò sí ẹni tó lè ka lẹ́tà ìjọba fún àwọn láì gba owó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara tu Nasrullah. Ẹ mọ bí ara ṣe máa ń tu èèyàn níwájú àgbà, tí ẹnu á wá gbàgbé pé òun ní ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín," ó ní, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò ṣubú rí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì tí mo ní mo ṣubú, èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ya táńkì yẹn, kí n lè ráyè rí ọmọ yín."

Shukurat wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lórí àwo pẹrẹsẹ. Ó ń ṣẹ́jú sí i, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. 

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ tí ọmọ mi fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe. Ó fọ̀ ọ́, ó rà á, ó fín in, ó tún rà á, ó tún fín in. Ìwọ mú kọ́kọ́rọ́."

Shukurat gbé àwo omi náà kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá ti ń sọ pé iṣẹ́ òun ni. Ọmọ mi ló wá pè níwájú àlejò.

"Bàbá, ẹ má bínú, eré ni mo..."

"Mo gbọ́ pé eré ni. O fẹ́ rí i, o ba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ tó o bá tún ń fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ ẹ̀ ńkọ́, kí lo máa bà jẹ́?" Ohùn Bàbá ò le rárá, ìyẹn ló sì mú kó wúwo. "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fi fún ẹni tí ò mọyì iṣẹ́ ọwọ́."

Nasrullah dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì lọ. Lọ́jọ́ náà, Shukurat gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ títí tó fi pòórá sọ́nà Bódìjà, ọkàn rẹ̀ sì bá a lọ.

Ó wọlé padà, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀?"

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé èmi ni mo ń tún un fín."

Bàbá fi oríkì pè é, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. "Àjọkẹ́, ojú mi ló ṣú, ìka mi ò ṣú. Láti ìgbà tí ojú ti lọ ni ọ̀dà tèmi ti ń ṣàn. Tìẹ kì í ṣàn. Ṣé mi ò ní í dá ọwọ́ ara mi mọ̀ ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ìwọ náà ò sọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló wù ẹ́ kó rí."

Shukurat sunkún. Ó sunkún ayọ̀, ó sì sunkún ìbànújẹ́ mọ́ ọn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nu ojú rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní í fẹ́ ẹ, mi ò sì ní í bá yín jà. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé yóò dùn mí títí ayé ni."

Bàbá ń fi ìka ra àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan níbẹ̀. 

"Sọ fún un kó lọ fọ táńkì yẹn dé irin. Kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kùn ún, nílé ara ẹ̀. Ìwọ ò gbọdọ̀ fi ìka kàn án, o ò sì gbọdọ̀ kọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá parí, kó gbé e wá kí n fọwọ́ wò ó."

Shukurat pe Nasrullah lórí fóònù, ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Bàbá sọ òótọ́," Nasrullah ní. "Irin ni mo rò pé mò ń ya, ewé mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mi ò bínú. Lọ kùn ún."

Báyìí ni olùkọ́ físíìsì sọ ara rẹ̀ di ọmọ iṣẹ́ tí kò lọ́gàá. Ó fọ táńkì dé irin lórí fàràńdà ìyá rẹ̀, ó fi ibi kékeré abẹ́ àmì sílẹ̀, kó lè fi í han àwọn ọlọ́dà ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n bá a po àwọ̀ tó bá a mu sínú agolo. Èyí tó kọ́kọ́ kùn wú, torí kò fọ òróró ara irin tán. Ó fọ̀ ọ́ dànù. Nígbà kejì, ọyẹ́ fẹ́ eruku lé e lórí, eṣinṣin kan sì wá kú sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Ó ya fọ́tò eṣinṣin náà, ó fi ránṣẹ́ sí Shukurat lórí Wasáàpù. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ."

Shukurat rẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá sọ fún un. Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan tó lọ ra ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ní Bódìjà, ẹsẹ̀ gbé e dé ìkòríta àdúgbò Nasrullah kó tó mọ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kóńgò ẹ̀wà kan, ó rántí ọ̀rọ̀ Bàbá, ó sì yí padà wá wọ kẹ̀kẹ́ Agbowó.

Ìyá Nasrullah ló wá dá síṣẹ́ náà láì jẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó fín in nígbà kẹta, tó tún bà jẹ́, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó di orí mú. Màmá náà wọlé, ó yọ àwọ̀n ẹ̀fọn orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi ta àgọ́ sórí fàràńdà kí eruku má bàa ráyè wọlé.

"Ohun tí ọmọbìnrin yẹn ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí?" ó bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Tí eṣinṣin kì í bà lé e?"

"Kì í bà lé e."

Màmá náà wo táńkì, ó wo ọmọ rẹ̀. "Kí lò ń jókòó sí? Dìde kó o tún un fín, kí ẹlòmíràn tó gba ọmọ yẹn lọ."

Nasrullah sọ gbogbo rẹ̀ fún Shukurat lórí fóònù, bó ṣe rí gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ní ìrọ̀lẹ́, Nasrullah àti ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú takisí lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá. Ìró-aṣọ màmá náà ló fi wé táńkì. Bàbá ṣì ń ṣàlùwàlá nínú ilé. Shukurat kúnlẹ̀ kí màmá náà, ó tú aṣọ náà, àwọ̀ ewé sì yọ. Ó dán. Ó jọ̀lọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró, ó sáré fi ìka gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí péńtà ṣe máa ń ṣe.

Ìka rẹ̀ dúró. Lábẹ́, lápá òsì, ọ̀dà ti ṣàn. Kò tóbi, kò ju ẹ̀kán omijé kan lọ, ó sì ti gbẹ síbẹ̀. Ojú ò lè rí i. Ìka Bàbá nìkan ló lè rí i, kò sì sí bó ṣe lè fò ó.

Abọ́ omi wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, sáńpépà tó kúná jù lọ wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà á. Bàbá ò tíì parí àlùwàlá. Shukurat na ọwọ́ sínú abọ́.

Nasrullah di ọwọ́ náà mú.

"Fi sílẹ̀," ó ní.

"Ó máa rí i."

"Kó rí i. Èmi ni mo ṣe é."

"Nasrullah, tó bá rí i, ó lè..."

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ewé mi. Fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rù ba Shukurat dé egungun, ṣùgbọ́n ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀.

Bàbá jáde wá, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n kí i. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé táńkì lé òun nítan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìka rẹ̀ rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yí ibi ìdérí epo ká, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gba ti òsì. Ó dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti yà nígbà kan, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó kọjá. Lẹ́yìn náà ló gba abẹ́.

Ìka Bàbá dúró. Ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. 

"Kí nìyí?" ó ní.

"Ó ṣàn ni, Bàbá," Nasrullah dáhùn. "Mo súnmọ́ ọn jù. Ìgbà kẹrin tí mo máa fín in nìyẹn. Mo rí i lẹ́yìn tó ti gbẹ."

"Ọmọ mi ò bá ọ fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, Bàbá."

"Mo mọ̀," Bàbá ní. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ ọmọ mi kì í jẹ́ kí ọ̀dà ṣàn. Ká ní ibí yìí dán ni, ilé ni ò bá máa gbé táńkì ẹ lọ báyìí."

Ìyá Nasrullah bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀, ó sì fi ìró-aṣọ bo ẹnu. Bàbá gbé táńkì náà padà fún Nasrullah. Ó na ọwọ́ wá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ó bà á léjìká.

"Àjọkẹ́," ó ní, "kí lò ń dúró sí? Gbé ìjókòó fún ìyá ọkọ ẹ."

Shukurat ò rí ọ̀nà ìjókòó náà dáadáa, torí omi kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e wá.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni wọ́n so yìgì wọn. Ilé kékeré kan tí kò jìnnà sí Agbowó ni wọ́n ń gbé, nítorí Shukurat ò fẹ́ jìnnà sí bàbá rẹ̀, Nasrullah náà ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí oníbàárà bá dé ẹ̀yìn ilé báyìí, Bàbá á ní, "Ọmọ mi ló ń fín in o, èmi kàn ń fọwọ́ wò ó ni." Alùpùpù àwọ̀ ewé náà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò sì sẹ́ni tó gbà kí wọ́n yọ ọ̀dà tó ṣàn yẹn kúrò. Tí Bàbá bá wá kí wọn, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìka wá a lábẹ́ táńkì, kó tó wọlé béèrè ọmọ rẹ̀.